Wọ́n wá lọ́dún kìíní, kí ló dé tí wọn ò padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí ni mò ń gbé. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi la dá eré sísá àdúgbò kan sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá, tòun ti ìdíje bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Lọ́dún kìíní, ènìyàn 40 ló yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n pín omi, wọ́n dúró sí oríta, wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀. Inú wọn dùn, àbí bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Lọ́dún kejì, 11 péré ló padà. Ọmọbìnrin kan tó dúró ti omi láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán lọ́dún kìíní, tí mo fọkàn tán jù nínú gbogbo wọn, kò tilẹ̀ gbé ìpè mi. Ṣé kí n máa fún wọn ní ₦3,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lọ́dún yìí ni? Kí ló máa ń mú ènìyàn padà wá ṣe irú iṣẹ́ yìí?

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo kà á tán lẹ́ẹ̀kejì ni mo rí i pé kì í ṣe àwọn 29 tí kò wá ló ń dùn ọ́ jù, ọmọbìnrin tí kò gbé ìpè yẹn ni. A óò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ṣètò eré ìdárayá ti máa ń ṣìnà. Èmi náà ti ṣìnà níbẹ̀ rí, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti nǹkan bí ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn bàbá wa ti fún irú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí lórúkọ. Wọ́n ní àáró, wọ́n ní ọ̀wẹ̀, wọ́n sì ní àgbàṣe. Àáró ni kí èmi àti ìwọ jọ máa yí oko ara wa ká, lónìí tèmi, lọ́túnla tìrẹ, kí a sì máa ka ọjọ́ tí a jẹ ara wa. Ọ̀wẹ̀ ni kí n ránṣẹ́ sí ẹbí, àna, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò pé mo fẹ́ mọlé tàbí mo fẹ́ kórè, kí wọ́n wá bá mi gbé e. N kò ní sanwó fún wọn, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ yó wọn, ẹmu gbọ́dọ̀ wà, tí tiwọn bá sì kàn lọ́la, ojú mi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àgbàṣe ní tirẹ̀, iṣẹ́ owó ni. A dá iye, o ṣe é, mo san án, ó parí láàárín wa.

Ọ̀wẹ̀ lo bẹ̀ lọ́dún kìíní. Tí o bá wá na ₦3,000 sí wọn lọ́dún yìí, o ti sọ ọ̀wẹ̀ di àgbàṣe nìyẹn, àgbàṣe tí owó rẹ̀ kò tó owó. Ẹni tó bá ń gbé búlọ́ọ̀kù fún bíríkìlà lójoojúmọ́ mọ iye tí oòrùn Òṣogbo tó. Ọmọ yunifásítì tó fi ẹ̀rín wá fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ á wo ₦3,000 yẹn, á wo wákàtí mẹ́fà lórí ìdúró, á sì sọ nínú ara rẹ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó ń fi iṣẹ́ náà wé. Ìwọ lo fún un ní ìwọ̀n.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Uri Gneezy àti Aldo Rustichini, fi irú ọ̀rọ̀ yìí dán àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama wò ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2000. Àwọn ọmọ náà ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti gba owó ìrànwọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́yinjú àánú. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìíní, wọ́n kàn ṣàlàyé fún wọn bí iṣẹ́ náà ti ṣe pàtàkì tó. Ìpín kejì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n tún ṣèlérí 1% nínú owó tí wọ́n bá gbà fún wọn. Ìpín kẹta, 10%. Àwọn tí wọn ò ṣèlérí kọ́bọ̀ fún ló gba owó wálé jù. Àwọn ti 10% tẹ̀lé wọn. Àwọn ti 1%, ìyẹn àwọn tí wọ́n fún ní owó táṣẹ́rẹ́, ló gbẹ́yìn. Owó kékeré burú ju àìsí owó lọ, torí ó ń lé ìfẹ́ jáde kò sì ní ohun tó máa fi dípò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n má ṣì mí gbọ́ o. Owó ọkọ̀ kì í ṣe owó iṣẹ́. Ẹni tó gun ọ̀kadà láti Ògo-Olúwa ní ìdájí, tó fi owó ara rẹ̀ ra píọ̀ wọ́tà, tó fi dátà ara rẹ̀ gba gbogbo ìkéde tí o ń jù sórí WhatsApp láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni yẹn ti sanwó kí ó tó lè ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ. Dá owó ọkọ̀ padà fún un, kí o sì dá a padà láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nínú àpò ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ń sọ pé "ẹ ní sùúrù, tí a bá parí" máa ń di ìjà. Ohun tí ọ̀wẹ̀ béèrè ni pé kí ẹni tó wá ràn mí lọ́wọ́ má fi ìrànwọ́ rẹ̀ jẹ gbèsè. Tí o bá ti ní ₦120,000 tí o fẹ́ ná sórí ènìyàn 40, ná an sórí ọkọ̀, oúnjẹ gidi àti fìlà tí oòrùn kò ní wọlé. Yóò dé ibi tí owó ọwọ́ kò lè dé.

Ó yá, ká wá bọ́ sórí ìbéèrè rẹ gan-an. Ìbéèrè méjì ni, ìwọ lo so wọ́n pọ̀. Ohun tó mú ènìyàn wá lọ́jọ́ kìíní yàtọ̀ sí ohun tó ń mú un padà.

Ìdí tí ènìyàn fi ń wá pọ̀. Gil Clary, Mark Snyder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ka mẹ́fà sílẹ̀ ní 1998: ìgbàgbọ́ pé ó yẹ ká ran ọmọnìkejì lọ́wọ́, ìfẹ́ láti kọ́ nǹkan tuntun, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́, ìrètí iṣẹ́, kí ènìyàn lè gbàgbé ìṣòro tirẹ̀ fúngbà díẹ̀, àti kí ènìyàn lè rí i pé òun náà wúlò. Àwọn tó ń ṣèwádìí níbi eré ìdárayá tún fi ìfẹ́ eré fúnra rẹ̀ kún un, àti ìfẹ́ ìlú ẹni. Ojú àwọn ènìyàn ni mo fi mọ̀ wọ́n ní tèmi. Mo mọ agùnbánirọ̀ tó ti lo oṣù mẹ́fà ní Òṣogbo tí kò ní ẹni tí yóò bá jẹun lọ́jọ́ Sátidé. Mo mọ ọmọ UNIOSUN tó ń wá ohun tí yóò kọ sínú ìwé tó máa fi wáṣẹ́. Mo mọ ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń sáré, tó kàn fẹ́ wà nítòsí. Mo mọ bàbá kan tó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé rẹ̀ láyé àtijọ́, tí orúnkún kò jẹ́ kó gbá a mọ́, tí òórùn koríko pápá ṣì ń pè é. Gbogbo wọn wọ fẹ́sìtì kan náà lọ́dún kìíní rẹ, o sì rò pé ènìyàn kan náà ni wọ́n.

Nísinsìnyí, kí o tó banújẹ́ lórí àwọn 29, mú ìwé àti bírò. Agùnbánirọ̀ mélòó ló wà nínú wọn? Ọdún kan péré ni tiwọn, wọ́n ti kúrò ní ìlú. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó? Oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ wọn ń padà sílé àwọn òbí wọn ní ìlú mìíràn. Mélòó ló ti rí sátífíkéètì tó wá gbà lọ́dún kìíní, tí kò sì tún nílò èkejì? Ó ṣeé ṣe kí o rí i pé bí ìdajì nínú wọn kò bínú sí ọ rárá. Ìdí tó gbé wọn wá ló tán. Àwọn tó kù lẹ́yìn ìṣirò yìí, àwọn tó ṣì wà ní Òṣogbo, tí ara wọn le, tí wọ́n ṣì fẹ́ràn eré, tí wọn ò sì padà wá, àwọn yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ. Mo sì lè sọ fún ọ láìfi bò pé ọ̀dọ̀ tìrẹ ni ìdí wà, kò sí lọ́dọ̀ wọn.

Farrell, Johnston àti Twynam ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni níbi ìdíje àwọn obìnrin ní Kánádà ní 1996. Eré curling ni, èyí tí wọ́n ń fi òkúta wúwo yọ̀ lórí omi dídì. Wọ́n rí i pé ìtẹ́lọ́rùn àwọn ènìyàn náà kò dá lórí bóyá wọ́n rí ohun tí wọ́n retí nìkan. Ó tún so mọ́ ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ àti bí ètò náà ti gún régé tó. Ìyẹn ni pé ọkàn rere tí ẹnì kan gbé wá látilé kò tó. Tí ètò rẹ bá dàrú, ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni yóò gbé lọ sílé.

Mo mọ èyí kí n tó kà á níbikíbi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo yọ̀ǹda ara mi fún ìdíje àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ní ká dé. A dé. Ẹni tó máa pín iṣẹ́ fún wa dé ní aago mẹ́jọ kọjá. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ẹnu géètì, kò sẹ́ni tó sọ fún mi irú ẹni tó yẹ kó wọlé. Mo dá ọkùnrin kan dúró, ó jágbe mọ́ mi níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé pé ṣé n kò mọ òun ni. Oúnjẹ dé ní ìrọ̀lẹ́, ó tán kó tó kan àwa ẹnu géètì. Nígbà tí ayẹyẹ ìparí tú ká, ilẹ̀ ti ṣú. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ní yóò gbé wa, àwọn tó tẹ̀lé àwọn àlejò pàtàkì ti wọ̀ ọ́ lọ. Àwa obìnrin márùn-ún la fẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn dé oríta. Sátífíkéètì mi dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀.

Wọ́n tún tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e: "Ẹ̀yin ènìyàn wa ọ̀wọ́n." Mo pa á rẹ́. Mo ṣì fẹ́ràn eré ìdárayá títí dòní, n kò sì bá àwọn ọmọ tó sáré lọ́jọ́ náà jà. Ṣùgbọ́n tí mo bá rántí ìdíje yẹn, òkùnkùn ojú ọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe ọmọ tó gba ipò kìíní, tí èmi fúnra mi sì pàtẹ́wọ́ fún títí ọwọ́ fi ta mí.

Kò yà mí lẹ́nu mọ́. Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní kí àwọn ènìyàn kan ki ọwọ́ bọ omi tútù, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 1993. Lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú kan nínú omi tó tutù débi tí ń dunni. Lẹ́ẹ̀kejì, ìṣẹ́jú kan náà nínú omi kan náà, wọ́n wá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kún un, tí omi náà sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ní àsìkò àfikún yìí. Wọ́n wá bi wọ́n léèrè pé èwo ni wọ́n lè tún ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn mú èyí tó gùn jù, nítorí pé ìparí rẹ̀ sàn. Rò ó wò, àbúrò mi. Ohun tí wọ́n bi wọ́n gan-an ni ohun tí ìwọ náà ń bi àwọn 40 rẹ: ṣé ẹ lè tún un ṣe? Bí wákàtí ìkẹyìn ti rí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dáhùn.

Nítorí náà, wá wo wákàtí ìkẹyìn eré rẹ. Mo ti dúró níbi irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti parí, alága ìdúró á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á kí ọlọ́lá, á kí olóyè, á kí aṣojú aṣojú ọlọ́lá. Àwọn ọmọ á gba ife, fọ́tò á bẹ̀rẹ̀. Níbo ni àwọn tó pín omi wà? Wọ́n ń ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nílẹ̀. Wọ́n ń to àga. Àwọn ló kẹ́yìn láti kúrò, ẹsẹ̀ wọn wú, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ rí ìgbà tí wọ́n gbé ife sókè. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i, nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló máa gbà láti yí i padà.

Ṣe é báyìí lọ́dún yìí. Wá àwọn mìíràn tí yóò ṣa ilẹ̀, kódà kó jẹ́ àwọn àgbábọ́ọ̀lù àgbà àdúgbò tí kò ṣiṣẹ́ kankan láàárọ̀, kí o sì sọ fún wọn tipẹ́tipẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni. Kí wọ́n tó gbé ife, pe gbogbo àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni wọ inú pápá. Ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ tòun ti iṣẹ́: ẹni yìí ló dúró sí oríta láti aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹni yìí ló kọ orúkọ ọmọ 210 sílẹ̀ tí kò sì sí èyí tó sọnù. Jẹ́ kí àwọn ọmọ tó gba ife bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Tí o bá fẹ́, kí ọlọ́lá dúró díẹ̀, kò ní bínú, òun náà yóò pàtẹ́wọ́ ni. Kí ọkọ̀ ti wà ní sẹpẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn obìnrin ni kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Tí òbí kan bá fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ, tí ọmọ náà sì délé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, òbí yẹn ni kò ní jẹ́ kó padà, ọmọ náà lè má tilẹ̀ sọ fún ọ.

Ohun kejì tó máa ń lé ènìyàn lọ ni bí a ṣe ń pín iṣẹ́. Lẹ́tà rẹ fi í hàn, bí ìwọ kò tilẹ̀ mọ̀. O ní ènìyàn 40, síbẹ̀ ọmọbìnrin kan ṣoṣo dúró ti omi láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Kí ni àwọn mìíràn ń ṣe? Mo lè fọkàn yàwòrán rẹ̀: bí 15 ń ṣiṣẹ́ àṣekú, bí 25 jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń tẹ fóònù. Àwọn tó ṣiṣẹ́ àṣekú lọ torí ó rẹ̀ wọ́n. Àwọn tó jókòó lọ torí pé wọ́n rí i pé ẹnikẹ́ni kò nílò àwọn, ẹ̀dùn ọkàn kan náà sì ni. Mo ti pe ènìyàn 60 fún iṣẹ́ tí 25 lè ṣe rí, mo rò pé mo gbọ́n. Ọdún kejì, wọn ò wá, mo sì gbà pé wọ́n jàre.

Rin ojú ọ̀nà eré náà fúnra rẹ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Oríta kọ̀ọ̀kan tí ọ̀kadà lè gbà já sí àwọn ọmọ nílò ẹni méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà, kí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sì mọ̀ sí i ṣáájú. Ibi omi nílò ẹni mẹ́ta ó kéré tán. Kó má ju wákàtí méjì lọ kí ẹlòmíràn tó gba ipò ẹni. Ọyẹ́ Kejìlá máa ń tan ènìyàn jẹ. Ó tutù láàárọ̀, bí ó bá di aago mọ́kànlá, oòrùn ń jó. Àwọn Mùsùlùmí nílò àsìkò láti kírun, kọ ìyẹn sínú ìwé iṣẹ́ kó má baà jẹ́ pé ṣe ni wọ́n á máa tọrọ ààyè. Tí gbogbo rẹ̀ bá já sí ènìyàn 26, pe 30, má pe 40.

Ohun kẹta ló dùn mọ́ mi jù láti sọ. Nígbà tí Sydney gbàlejò Òlíńpíìkì ní 2000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Australia ló yọ̀ǹda ara wọn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Òlíńpíìkì lọ sí Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì, àwọn kan nínú wọn sì fi owó ara wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbẹ̀ láti tún ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Sheranne Fairley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wádìí ìdí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007. Ìdí mẹ́rin ló jáde: àárò ohun tí wọ́n ti rí ní Sydney ń sọ wọ́n, wọ́n fẹ́ tún wà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ tí iṣẹ́ náà fún wọn, wọ́n ka ara wọn mọ́ ìdílé Òlíńpíìkì, wọ́n sì fẹ́ lo ìmọ̀ tí wọ́n ti ní kí àwọn ènìyàn sì mọ̀ wọ́n fún un. Wò ó dáadáa, kò sí èyí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹni tí kò tíì ṣe é rí lè ní. Ìgbà àkọ́kọ́ ló bí gbogbo wọn. Ìdí tí ènìyàn yóò fi padà, inú iṣẹ́ náà ló ti ń wú, bí ẹ̀wà tó wú sínú omi. Ìwọ olùṣètò lo sì máa pèsè omi náà.

Nílé níbí, wo ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ. Kì í ṣe ẹ̀sìn mi, ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogbo ni mí, ojú mi sì ń rí i. Àwọn ènìyàn ń ti Èkó wá, wọ́n ń ti òkè òkun wá. Onílù mọ ibi tí òun yóò dúró, àwọn obìnrin mọ ohun tí wọ́n máa gbé, àwọn tó ń ṣíwájú Arugbá mọ ipò wọn. Kò sẹ́ni tó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀ wọ́n. Àyè wọn wà níbẹ̀, tí wọn ò bá sì wá, àyè náà yóò hàn pé ó ṣófo. Àwọn 11 tó padà wá bá ọ lọ́dún kejì, ṣé o fún wọn ní àyè? Àbí o tún kó wọn sí ìlà kan náà pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, o tún ń ṣàlàyé fún wọn bí wọ́n ṣe ń ya ọ̀rá omi? Sọ ẹni tó ṣọ́ oríta lọ́dún tó kọjá di olórí oríta mẹ́ta. Jẹ́ kó mú ẹni méjì tó fẹ́ràn wá fúnra rẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó yí ọ̀nà eré padà. Bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ti orúnkún, òun la fi ṣe alákòóso géètì. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Bàbá Géètì. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá léraléra. Nígbà tí ara rẹ̀ kò yá lọ́dún kan, ó rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá, ó ní kí ó wá jókòó sórí àga òun.

Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń rí níbẹ̀ náà, má fi í jáfara. Má tú àwọn tó ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ ká. Àwọn mẹ́ta tó jọ dúró ti omi, tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì ti ní orúkọ ìnagijẹ fún ara wọn, pè wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn yóò fa àwọn méjì tó kù wá.

Ó ku ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún kan sí èkejì, níbẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa kì í ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn Òlíńpíìkì Barcelona ní 1992, ìlú náà kò jẹ́ kí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni túká. Wọ́n sọ wọ́n di ẹgbẹ́ tí ń bá àwọn eré mìíràn ṣiṣẹ́ nínú ìlú. Manchester ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní 2002. Wọ́n pa orúkọ àwọn ènìyàn mọ́, wọ́n sì ń pè wọ́n sí eré mìíràn tó wáyé ní ìlú náà. Ìwọ kò nílò ọ́fíìsì. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tó: orúkọ, nọ́ńbà, ohun tó ṣe, ohun tó fẹ́ mú lọ sílé. Kọ ìbéèrè yẹn sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù rẹ lọ́dún yìí: "Kí lo fẹ́ mú lọ sílé lọ́jọ́ yẹn?" Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ pé ìwé ẹ̀rí, kọ lẹ́tà tó ní láárí fún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó sọ pé ó darí ènìyàn mẹ́rin fún wákàtí mẹ́rin, kì í ṣe bébà aláwọ̀ wúrà tó ní "ó kópa." Ẹni tó bá kọ pé òun fẹ́ mọ ènìyàn, fi í sáàárín àwọn tó lẹ́nu. Ní oṣù Kẹta, ránṣẹ́ sí wọn láti sọ ibi tí ọmọ tó gba ipò kìíní wà báyìí. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣègbéyàwó, lọ. Tí ìyá ọ̀kan bá kú, lọ. Mo ti sọ fún ọ pé ọ̀wẹ̀ ni.

Kí o sì má gbára lé "a máa wá" tí wọ́n máa ń sọ lálẹ́ ọjọ́ eré. Òtítọ́ ni lẹ́nu wọn lálẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n oṣù méjìlá jìnnà. Dá ọjọ́ tó ń bọ̀ kí wọ́n tó túká, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fóònù wọn níbẹ̀.

Ní ti ọmọbìnrin yẹn, má tún pè é lórí fóònù. Má fi WhatsApp ṣe é. Lọ sílé wọn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mú obìnrin kan tó mọ̀ ọ́n dání, kí àwọn òbí rẹ̀ kọ́kọ́. Má mẹ́nu ba eré ọdún yìí rárá. Sọ fún un níwájú àwọn òbí rẹ̀ ohun tó ṣe lọ́dún kìíní: wákàtí tó fi dúró, àwọn ọmọ tó fún lómi, pé ẹnikẹ́ni kò wá gba ipò rẹ̀ kó lè jókòó, pé ìwọ ló yẹ kó rí i, o kò sì rí i. Bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, dákẹ́, kí o gbọ́ tẹnu rẹ̀.